Ìyá Tinú Bu Omi Sẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Obìnrin kan wà ní Ìgbájọ, Ìyá Tinú ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀wé, ó fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá! Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, òun ni yóò bá yín parí rẹ̀.

Nígbà tí Tinú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá ní ọmọ òun kò ní lọ sí kíláàsì tí ọgọ́rin ọmọ ti ń fún ara wọn pa. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́ ọ nílé títí yóò fi gba ìwé mẹ́wàá. Àwọn ará ilé ọkọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó wa, ilé ìwé inú pálọ̀! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

Láràárọ̀ ni tábìlì ìjẹun ń di kíláàsì, gbogbo ìbéèrè ni Tinú sì ń gbà láìṣi ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe, bí kò bá sì yege nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì parí nìyẹn. "Orí ẹ pé, ọmọ mi!" ni ìyá máa ń wí, inú rẹ̀ a dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí ìdánwò ìwé mẹ́wàá kù sí dẹ̀dẹ̀, àbúrò bàbá Tinú tó jẹ́ olùkọ́ ní kí ó wá bá àwọn ọmọ kíláàsì òun ṣe ìdánrawò. Yéè! Méjìdínlógún ni Tinú gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá káwọ́ lérí. "Tinú, ṣebí ìṣirò tí o ṣe fún mi lánàá náà nìyí?"

Tinú bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ má bínú. Bí mo bá fẹ́ ṣì í, ẹ ó ti fajú ro, màá sì yáa yí i padà. Bí mo bá gbà á, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ojú yín ni mo ń kà. Lọ́hùn-ún, mo wò yíká, mi ò rí yín."

Ó dun ìyá wọ egungun. Àṣé òun ló ń ṣe gbogbo ìṣirò náà láti ọjọ́ yìí wá!

Láti ọjọ́ kejì, ó kọjú àga rẹ̀ sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí ọmọ. Ojú ti kúrò níbẹ̀. Ẹnu ńkọ́, ẹnu tí kì í gbé jẹ́ẹ́? Ó bu omi sẹ́nu! Ó ní òun kò ní gbé e mì àfi bí Tinú bá ní òun ti ṣe tán. Ẹ wá wo ìyà! Tinú ń ṣì í, ó ń pa á rẹ́, ìyá ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rògòdò.

Lọ́jọ́ kan, ìṣirò kan tó ti gba gbogbo òwúrọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni Tinú ń bá jà, ló bá pariwo: "Màmá, mo ti rí i! Ẹ má tíì yíjú o, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi!" Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbà á! Ìyá fò sókè, ó fẹ́ kígbe, ó gbàgbé omi. Fùú! Gbogbo ògiri rin gbingbin. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó yí tábìlì ká.

Ìdánwò dé. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Tinú wọlé, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú ìṣirò, ó yege nínú gbogbo ìyókù! Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí nílé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn ará ilé ọkọ sáré wá. "Ìyàwó wa, ìwé wo lo fi kọ́ ọ?"

"Ìwé nìkan kọ́," ni ó wí, "omi ló kù tí mo fi kún un."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń kọ́ni, kí ó mọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ń kọ́, kí ó má gbójú lé ojú olùkọ́, nítorí olùkọ́ kò ní bá a wọ yàrá ìdánwò. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ yín rìn.