Àlejò Lórí Fọ́tò

Ayàwòrán tẹ bọ́tìnnì kan, irinṣẹ́ kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kún sọ́fítíwíà wọn sì da fọ́tò sínú gbogbo àyè tó ṣófo lójú áàpù tí wọ́n ń yà, èyí tí wọ́n fẹ́ fi máa wá àwọn tó sọnù.

"Ta lẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ yìí?" Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ béèrè láti ìdí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọfà máósì rẹ̀ ń yí po lórí fọ́tò kan.

"Fọ́tò lásán ni, jàre. Fi líǹkì ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ bá wa dán an wò."

Irọ́ ló pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó bínú kúrò nílé ni.

Kò pẹ́, ọfà àwọn àlejò tó tẹ líǹkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sójú áàpù náà. Ọ̀kan ní lẹ́tà kéré jù, òmíràn ní pupa yẹn ń gún òun lójú. Ọfà kan lọ tààrà sórí fọ́tò yẹn, ó dúró gbagidi. Ọ̀rọ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

"Elétí-Ehoro, mi ò sọnù. Yọ fọ́tò mi kúrò. Má sì sọ fún Màámi."

Èèyàn kan ṣoṣo láyé ló ń pe ayàwòrán bẹ́ẹ̀. Ó sáré tẹ èsì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ọfà náà mì díẹ̀, ó pòórá.

Ó pa fọ́tò náà rẹ́. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ọmọ mi, ṣó o ti bá mi fi fọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ síbẹ̀?"

"Mo ti fi síbẹ̀, Màámi."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i?"

Ó wo àyè tó ṣófo náà.

"Kò tíì séèyàn kankan o, Màámi."