Ìbíwùmí àti Kúlà Oúnjẹ Ọmọ Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé bisikíìtì yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbíwùmí. Ó mọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá nílẹ̀ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ìlara ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń rí.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ ni, kì í sì í fi oúnjẹ ọmọ ṣeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé, tòun ti ẹja àti ẹyin. Lọ́jọ́ tí kò bá se mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sẹ́yìn ilé ni. Á gé ìbẹ́pẹ sí i, á rọ omi sínú ike. Ìbíwùmí á gba kúlà oúnjẹ náà, á dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Morádékẹ́ tó ń jókòó tì í ní kíláàsì ló fà á. Àwọn òbí Morádékẹ́ máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà bisikíìtì, mítípáì àti ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń kó sínú kúlà tirẹ̀. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, tí ọ̀rá bisikíìtì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Ìbíwùmí á tẹjú mọ́ ọn. Kí ló dé tó jẹ́ Morádékẹ́ nìkan ni wọ́n ń kẹ́ tó báyìí? Ta ló tiẹ̀ rò pé òun jẹ́? Á wá fi ọwọ́ bo ewé mọ́ínmọ́ín tirẹ̀ bí ẹni tó jí i gbé.

Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Morádékẹ́, jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Gba tèmi, kó o fún mi ní tìẹ."

Morádékẹ́ ya ẹnu. "Ṣé o ò ní í gbà á padà? Ó ti pẹ́ tí òórùn mọ́ínmọ́ín mọ́mì ẹ ti ń wù mí."

"Gbà á, jàre! Ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Ìbíwùmí ń jẹ adùn, Morádékẹ́ ń tú ewé. Bí kúlà bá ṣófo délé, ìyá Ìbíwùmí á rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun jẹun yó.

Ní táàmù yẹn gan-an ni wọ́n ń múra eré ìdárayá ọdọọdún. Nínú eré ìje tí ọmọ mẹ́rin ń fi igi lé ara wọn lọ́wọ́, Ìbíwùmí ló máa ń gba igi gbẹ̀yìn fún Ilé Aláwọ̀ Ewé, ìyẹn ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí òun àti Morádékẹ́ wà. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ipò yẹn láyé. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ eré fún un, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn aṣọ náà, ó sì ti sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ò ní í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà ìdánrawò, Ìbíwùmí kò tíì dé ìdajì pápá tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú ń run ún, oorun sì ń kùn ún ní kíláàsì. Morádékẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà yá tẹ́lẹ̀, àárẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sáré dópin. Ní báyìí, ó ń sá a parí, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ìbíwùmí, ṣé o ń jẹun ṣá?" Tíṣà Adégòkè tó ń kọ́ wọn léré ló bi í.

"Mò ń jẹun, sà."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ eré pé, tíṣà gba ipò ìkẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún Morádékẹ́. Ìlara tún ru. "Olè ni ẹ́! O gba ipò mi!" Bẹ́ẹ̀ ni Ìbíwùmí pariwo, tí ọ̀rá bisikíìtì Morádékẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ nílé pé wọ́n ti gba ipò náà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ pé. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, ó ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò ọmọ rẹ̀. Morádékẹ́ ló gba igi. Ó sáré, ó kọjá gbogbo wọn, Ilé Aláwọ̀ Ewé gba ipò kìíní. Ìyá wá wò yíká, ó rí Ìbíwùmí lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń sunkún nínú aṣọ tuntun.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Morádékẹ́ ti sáré wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. Ayọ̀ ti jẹ́ kó gbàgbé pé àṣírí ni.

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Oúnjẹ yín tí mò ń jẹ lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí n lè sáré yìí."

Ìyá Ìbíwùmí wo ọmọ yìí, ó wo ọmọ tirẹ̀. Ó fa Morádékẹ́ dìde, ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"O kú orí ire, ọmọ mi," ló wí. "Ẹni tí mo se é fún ni kò jẹ ẹ́."

Kò bá Ìbíwùmí wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ náà ju ẹgba lọ, nítorí ó mọ̀ pé òun ló fi ọwọ́ ara òun bọ́ ẹni tó gba ipò òun.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlara adùn tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn mú yín kẹ́gàn oúnjẹ gidi tí wọ́n sè fún yín nílé. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso ló ń fún ara lágbára. Bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò kàn ń dùn lẹ́nu ni. Ó yá, ta ni kò tíì ṣí kúlà rẹ̀ lónìí? Ṣí i, kó o jẹ ẹ́ níṣojú mi.