Bàbá Kó-kó-kó àti Omi Abẹ́ Ojú Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pa ìtàn yìí tì ní ìdajì. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Kó-kó-kó fi rìn lójú irin, tó ń fi òòlù kàn án, tó ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ láti mọ ibi tó ti bàjẹ́. Òòlù yẹn ló fún un lórúkọ. Nígbà tí rélùwéè kógbá sílé, koríko gba ilẹ̀ ojú irin náà láàárín ìlú ńlá. Nígbà tó yá, ìjọba ìlú ní àwọn á kọ́ ogójì ilé síbẹ̀ fún ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́. Ẹ wo ayọ̀! Bàbá, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló há sínú yàrá kan ṣoṣo.

2.
Mo-ti-mọ̀ ni àwọn bíríkìlà ń pe kọngílá tó gba iṣẹ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni o! Kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, Bàbá mú òòlù wá, ó ń kan ilẹ̀ kiri. Ó dé ibì kan, ohùn yí padà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, gọ́tà ńlá wà lábẹ́ ibí. Òun ló ń gbé omi òjò kọjá lábẹ́ irin."

"Mo ti mọ̀. A rí ẹnu ẹ̀, ó ti gbẹ. Kọnkéré la máa fi dí i."

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kójò rọ̀ ná."

Kọngílá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀rọ la fi ń yẹ ilẹ̀ wò láyé ìsìnyí. Ẹ gbé òòlù yín lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ fi tún àga ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá dé egungun.

3.
"Bàbá mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n lè gba ilé lọ́wọ́ wa o!"

"Ilé tó máa wó lé ọ lórí? Kí wọ́n gbà á!"

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹnjiníà ìlú, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin náà tẹ̀ lé Bàbá dé orí ilẹ̀ náà.

"Bàbá, ẹ kàn án kí n gbọ́."

Ó gbọ́. Ó kọ̀wé sí kọngílá pé kó dáwọ́ dúró, kó ṣí gọ́tà náà. Mo-ti-mọ̀ ka ìwé, ó ká a sápò, ó ní kí iṣẹ́ máa lọ.

4.
Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Omi bá ọ̀nà rẹ̀ ní dídí, ló bá wá òmíràn gba abẹ́ ìpìlẹ̀. Ògiri ilé mẹ́fà wó lulẹ̀ gbì! Ọpẹ́ ni pé òjò ti lé àwọn bíríkìlà lọ, kò sẹ́ni tó fara pa.

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìlú gbé kalẹ̀ bi kọngílá pé kí ló dé tí kò ṣe ohun tí ìwé ẹnjiníà wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Gbogbo kàtàkàtà tó fi ń gbẹ́lẹ̀, tó fi ń yangàn, gbàǹjo ni wọ́n tà wọ́n láti fi san owó ohun tó bàjẹ́.

Kọngílá tuntun dé, ọ̀rọ̀ kan ni ẹnjiníà bá a sọ: "Ẹ kọ́kọ́ pe Bàbá wá." Wọ́n ṣí gọ́tà, wọ́n kọ́lé sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín kọ́kọ́rọ́, òjò ńlá ló rọ̀. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Síbẹ̀, ogójì ìdílé dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbòjò, wọn ò wọlé. Ta ni wọ́n ń dúró dè? Bàbá mà ni! Ó ń bọ̀ láti ilé dé ilé, ó ń kan ògiri: kó, kó, kó.

"Ohùn ẹ̀ dáa. Ẹ wọlé!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Ilé ọmọ rẹ̀ ló kàn kẹ́yìn, omijé sì ń bọ́ lójú Bàbá bó ṣe ń kàn án.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo kì ọ́ nílọ̀: má fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ fojú di ẹni tó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kó o tó dé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.