Ọjọ́ Ọkùnrin

Òfin náà kò ṣòro láti há sórí. Bí àwọn ọkùnrin bá jáde lọ ra oúnjẹ lónìí, àwọn obìnrin ló ni ọ̀la. Ẹni tó bá jáde ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbé e lọ. Búrẹ́dì kan, mílíìkì agolo kan, àpò ìrẹsì kékeré kan fún ẹnì kan, ó parí. Kónílé-ó-gbélé ti mú kí àdúgbò pa lọ́lọ́ débi pé bí ìlẹ̀kùn bá dún nílé kan, gbogbo òpópónà ló gbọ́.

Ìlẹ̀kùn ilé káfíńtà dún ní àárọ̀ ọjọ́ ọkùnrin. Fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà kóòtù iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ lápá, àti ìbòmú dúdú tó bo ojú dé abẹ́ ẹyinjú. Wọ́n ti lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì. Àìsàn kì í fi ẹran sílẹ̀ lára èèyàn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.

Alágbàfọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Káfíńtà! Ẹ kú ewu o! Ọjọ́ tí ọkọ̀ funfun ọsibítù yẹn gbé yín lọ, mo ní ó ti bùṣe."

Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ohùn ò tíì padà?"

Ó mi orí.

"Kò burú. Ẹni tó dé bèbè ikú tó tún padà, kó máa fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí ilé.

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má sì gbàgbé tábìlì mi. Ìjọba ní kí èèyàn jókòó sílé, wọn ò ní kí tábìlì má lẹ́sẹ̀."

Ìlà ti gùn níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ibi tí kálukú yóò dúró sí. Bàbá kan wúkọ́, ìlà náà sì fọ́nká bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ pé itọ́ ló há òun lọ́fun.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ gba káàdì ìdánimọ̀. Ó wo fọ́tò, ó wo ẹni tó dúró, ó tún wo fọ́tò.

"Ọ̀gá, ẹ fa ìbòmú wálẹ̀ díẹ̀."

Ọwọ́ lọ síbi okùn etí, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló ń fa ìbòmú wálẹ̀?" Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ara gbígbóná wò ló pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Mo fẹ́ rí ojú wọn ni."

"Ṣé ojú lo fẹ́ jẹ? Wo àkọlé lẹ́yìn rẹ!"

Ẹ̀ṣọ́ wo àkọlé. "Òfin ní kí n wojú, òfin ní kí wọ́n bojú." Ó dá káàdì padà. "Ẹ kọjá, ọ̀gá. Ó ti sú mi."

Nínú ilé ìtajà, àwọn ọkùnrin to síwájú pẹpẹ, kálukú pẹ̀lú fóònù létí. Èwo nínú ọṣẹ yìí? Aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró? Ṣé o ní kí n ra ìyẹ̀fun ni àbí ìrẹsì? Ẹni tó dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni. Ó tẹ búrẹ́dì lábẹ́, ó mi ẹyin létí, ó wo ìdí agolo bóyá ó ti wú, ó sì kọjá.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí," ni ọkùnrin kan wí. "Èwo ni wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ nínú ìwọ̀nyí?"

Ó tọ́ka sí ọ̀kan.

"Háà. Ìyàwó yín kọ́ yín dáadáa."

Ibi tí wọ́n ti ń sanwó ni rédíò ti sọ ọ́. Láti ọ̀la lọ, kò sí ọjọ́ ọkùnrin, kò sí ọjọ́ obìnrin mọ́; ẹni tó bá wù ú lè jáde, tọkọtaya sì lè jọ rìn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó dúró títí ẹni tó wà lẹ́yìn fi ní kó sún. Nígbà tó jáde, ó gbé àpò ìrẹsì, ó fẹ́ gbé e rù, ó wá gbé e lé èjìká.

Ìyá káfíńtà jókòó sí pálọ̀. Ojú wọn ti fọ́ tipẹ́. Wọ́n ti sin àwọn ọmọ tó ṣáájú káfíńtà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ọkàn wọn kò gba ìròyìn òjijì. Bàtà dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé o ti dé?"

"Mo ti dé, Màámi." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, láti ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà àìsàn yẹn, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí.

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò. Ìyàwó rẹ máa ń sunkún ní balùwẹ̀. Á ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ta ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

Ó gbé àpò ìrẹsì sí èjìká kejì.

"Sún mọ́ mi."

"Òfin ò gbà, Màámi."

"Mo ní kí o wá."

Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà wá ojú rẹ̀ kàn, wọ́n yọ ìbòmú náà létí kan, wọ́n yọ ọ́ létí kejì, wọ́n sì fi àtàǹpàkò nu omijé tó wà níbẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni, bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò lára, wá jókòó tì mí, kí àwa méjèèjì jọ sunkún ẹ̀."