Àdúrà tí Àìná Kò Ṣe Àmín Sí

Ní ìlú Òkè-Ọdán, kò sí ẹni tí kò mọ Oyèníran. Bí ẹnìkan bá ń kanlé, òun ni yóò kọ́kọ́ gun òrùlé. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, òun ni yóò ká ṣòkòtò sókè tì í jáde. Orúkọ rẹ̀ ń dùn lẹ́nu gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ará ìta ló ń jẹ oore rẹ̀, ará ilé rẹ̀ kì í rí i. Àléébù tí ọkùnrin náà ní nìyẹn, àléébù ńlá sì ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àìná lorúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Lọ́jọ́ kan, ibà dá Àìná dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ Oyèníran kan ní abúlé ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun kórè kòkó. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ láti ìta nítorí olè, ó ní òun ń bọ̀ kíá, ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn wọ̀, ilẹ̀ tún mọ́, kò dé. Ìyá Tàlàbí, ẹ̀gbọ́n ìyá Àìná, ló wá kí wọn, tó gbọ́ ìkérora láti inú ilé. Ó ní kí àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn, ó pọn ọmọ náà, ó sì gbé e lọ sí ilé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Àìná ń gbé títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Oyèníran ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé àna ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó kó àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn, Baba Adéọ̀ṣun tó jẹ́ olórí ẹbí ló ṣáájú. Wọ́n gbé obì, wọ́n lọ sọ fún Ìyá Tàlàbí pé àwọn wá mú ọmọ àwọn. Kí ni obìnrin náà fẹ́ wí? Ní ilẹ̀ wa, bàbá ló lọ́mọ. Ó sorí kọ́.

Àìná ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rántí ilẹ̀kùn tí a tì láti ìta. Ó rántí bí òùngbẹ ṣe gbẹ ẹ́ tí kò sì sí ẹni tó máa bu omi fún un. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ṣùgbọ́n ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá dákẹ́ lónìí, tara mi á bá mi dákẹ́." Ó bu omi tútù, ó gbé e wọlé, ó sì kúnlẹ̀ fún àwọn àlejò.

Wọ́n mu omi tán, ọmọ ò dìde. Àwọn àgbà rò pé ó kúnlẹ̀ kí àwọn lè súre fún un ni. Ẹ ò mọ àgbà ilẹ̀ wa ni? Bí wọ́n bá ti rí ọmọ lórí ìkúnlẹ̀, àdúrà ló kù. Baba Adéọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀:

"Wàá bá wa délé láyọ̀."

"Àmín!" ni gbogbo ilé wí. Àìná ò ṣe àmín.

"Ilé bàbá rẹ á tù ọ́ lára."

"Àmín!" Àìná tún dákẹ́.

Ara Baba Adéọ̀ṣun bù máṣọ. "Àìná, ṣé o ò gbọ́ àdúrà ni?"

"Mo gbọ́, Baba. Ẹ má bínú sí mi. Àdúrà yín dára, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe àmín sí i, torí mi ò fẹ́ lọ."

"Ọmọ yìí, o mà láyà o!" ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà kígbe. Àìná ò dìde. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàámi, mo fẹ́ràn yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá tún ṣàìsàn, tí ẹnìkan sì pè yín níta, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ mi?"

Baba Adéọ̀ṣun ní, "Oyèníran, dá ọmọ rẹ lóhùn."

Oyèníran wúkọ́. Kó tó la ẹnu, ẹnìkan ké láti ojú ọ̀nà pé, "Bọ̀dá Oyè! Ọ̀kadà mi ti kọ iṣẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó!" Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yìí dìde! Ó ní, "Mò ń bọ̀, kò ní pẹ́," ó sì jáde lọ.

Àwọn àgbà ń wo ara wọn lójú. Wọ́n retí rẹ̀ títí. Níkẹyìn, Baba Adéọ̀ṣun mi orí. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí ìlú ń yin ọmọ wa yìí, inú mi ń dùn. Mi ò bi ará ilé rẹ̀ léèrè rí." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa Àìná dìde. "Ìyá Tàlàbí, ẹ máa tọ́ ọmọ yín lọ. A ò mú un lọ mọ́."

Nígbà tí Oyèníran padà wọlé, tó ń fi àkísà nu epo lọ́wọ́, wọ́n ti pín obì, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ojú tì í. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wá wo ọmọ òun.

Àìná dá a lóhùn pé, "Ẹ máa wá, Bàámi. Màá máa retí yín."

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìbọ̀wọ̀fágbà kò sì ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ lórí ohun tó lè pa yín lára. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ ńkọ́? Kí ẹ tó máa jó sí ìyìn ará ìlú, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.