Fáìlì Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀ ni ọ̀gá ọ́fíìsì pe akọ̀wé, ó ní kó kó gbogbo fáìlì inú yàrá ẹ̀yìn síta, kó sun wọ́n. Wọ́n gbé àgbá méjì fún un lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì kan àti ọ̀pá irin tí yóò máa fi ko iná jọ.

"Má ka ohunkóhun o," ni ọ̀gá wí.

"Ó ti yé mi, sà."

Yé e kẹ̀! Gbogbo àdúgbò ló mọ fáìlì tó fẹ́ kà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ìjà òmìnira gbóná, àwọn ṣójà lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé búrẹ́dì àtijọ́ tó sá pamọ́ sí. Oṣù kejì ni wọ́n yẹgi fún un. Ẹnìkan ló júwe ibẹ̀ fún wọn. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ni wọ́n ń nàka sí, torí lẹ́yìn àwọn ará ilé, òun nìkan ló mọ ibẹ̀: òun ló lọ gẹrun fún ẹ̀gbọ́n náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé orí fún un mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde.

Ìyá akọ̀wé nìkan ni kì í bú u. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ṣe é." Ó tún máa ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹnu ya àwọn èèyàn, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyá Oníforíjì.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ iná, olórí àwọn ọ̀dọ́ dá akọ̀wé dúró lọ́nà.

"Bí wọ́n bá ti sọ àsíá wọn kalẹ̀ báyìí, onígbàjámọ̀ gbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ fẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sọ́rùn. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn lo bá nínú ìwé, wá dárúkọ rẹ̀. Bí o ò bá mú orúkọ kankan wá, a jẹ́ pé òun náà ni."

"Mo ti gbọ́."

Tó bá ti ń dé láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ á béèrè, "Ṣé iná ti dé orí ti ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Rárá o, Màámi. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní í jó kí n tó rí i."

Màmá á ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún ló rí i, ewé mẹ́rin péré. Ó kà á lórí ìdúró, ó tún un kà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, kò bìkítà fún ẹni tó lè rí i. Lẹ́yìn náà ló jù ú sínú àgbá, ó sì dúró tì í títí ó fi jó tán.

Lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n sọ àsíá kan kalẹ̀, wọ́n ta òmíràn sókè, gbogbo ìlú ń kọrin. Nígbà tí akọ̀wé fi dé àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ ti yí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ká. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń jókòó sí nígbà kan, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Akọ̀wé, orúkọ dà?"

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Má bá wa ṣàwàdà lónìí, jàre."

"Mi ò ṣàwàdà. Onígbàjámọ̀ ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo júwe ibẹ̀. Àbí báwo lẹ ṣe rò pé mo ṣe ríṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn?"

Ẹnìkan gbá a létí. Màmá ṣubú lulẹ̀, ó ń ké "Ọmọ mi! Ọmọ mi!" ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n gbé e wọlé.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni obìnrin kan wí. "Irú ìyá rere báyìí! Ẹ wo ohun tó bí."

Wọ́n ní kí oòrùn ọjọ́ náà má wọ̀ bá a nílùú. Onígbàjámọ̀ dìde lórí àga, ó sọdá títì, ó tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé ò nù ún. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ewé kẹrin fáìlì náà ni ìyá wọn ti tẹ̀ka, lábẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá a kọ sílẹ̀ torí kò mọ̀wé: pé kí àwọn ọ̀gá jọ̀ọ́ lọ mú ọmọ òun nínú ilé búrẹ́dì àtijọ́, kí wọ́n fi í sí àhámọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ìbọn ìta má baà pa á.