Àkùkọ Tó Kọ́kọ́ Rìn

Àkùkọ tún yan fanda kọjá níwájú agbábọ́ọ̀lù tó jókòó sórí ẹní. Lọ́jọ́ tó kán lẹ́sẹ̀ ní pápá Agége, bàbá tó ń to eegun ṣẹ́ ẹsẹ̀ àkùkọ kan, wọ́n sì fi igi di àwọn méjèèjì: bí adìyẹ bá rìn, òun náà á rìn.

"Bàbá, ẹ wò ó! Igi ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ń rìn, èmi ṣì ń fa ilà èédú sára ògiri láti ka ọjọ́. Wahab tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ti gba jẹ́sì mi, adìyẹ tún fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi!"

Owú bò ó lójú. Ó fò dìde, ó fi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi igi dì náà lé e yí àgbàlá ká, ó dì í lọ́rùn mú.

"Fi í sílẹ̀, adìyẹ aládùúgbò ni."

Bàbá ṣí agbọ̀n. Àkùkọ tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò tíì lè dìde.